Bí Ọfà Tó O Fọwọ́ Ṣe Kò Bá Lọ Tààrà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọfà mẹ́fà, tó gbé àmì kalẹ̀, tó sì ta wọ́n tán, ohun tó sábà máa ń rí rèé: mẹ́ta lọ bá ara wọn, ọ̀kan yà sí òsì, ọ̀kan wọlẹ̀ kó tó dé ìdí àmì, ìkẹfà sì ń ju ìdí síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú afẹ́fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá kánjú jókòó tì wọ́n. Á tú ìyẹ́, á yọ irin, á gé igi kúrú, á tún ibi tí ọsán ń wọ̀ là sí i. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ọfà ti di nǹkan mìíràn, kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe gan-an nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni bí a ṣe ń wádìí ọfà kí a tó fọwọ́ kàn án, kí a sì máa tún ohun kan ṣe lẹ́ẹ̀kan. Igi ni ìwádìí náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ́ tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń fura sí, ẹ̀yìn ló ń bọ̀.

Sabon Gari ní Kánò ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ọmọ àdúgbò náà ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀ jù. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Kánò ní 1911, tí ìjọba amúnisìn sì pín ilẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn tó ń ti gúúsù bọ̀, ni Yorùbá ti ń gbé ibí, àwọn ará Ọ̀fà àti Ogbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí síbí á ti gbọ́ ìtàn Ọlálọmí tó tẹ ìlú wọn dó, ọlọ́fà paraku. Ọmọ Ọ̀yọ́ á ti gbọ́ nípa ọfà mẹ́ta tí ìtàn ní Aláàfin Aólẹ̀ ta lọ́jọ́ tó gégùn-ún. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìtàn ọfà pọ̀ lẹ́nu wa, àmọ́ ìwọ̀nba nínú wa ló ti di ọfà mú rí. Ó ń dùn mí, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tó kún fún ọgbọ́n ni. Àwọn Hausa tí à ń bá gbé kò jẹ́ kí tiwọn parun: alágbẹ̀dẹ wọn ṣì mọ irin ọfà rọ, ọdẹ wọn ṣì mọ ohun tí à ń pè ní ọrun àti apó.

Ohun èlò kò jìnnà. Koríko gíga kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní kyauro, ara rẹ̀ le, ó sì fúyẹ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣe igi ọfà láti ayébáyé. Ẹni tí kò bá rí i lè lo ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kó ní kí kápẹ́ńtà bá òun fi igi líle ṣe ọ̀pá róbótó. Ìyẹ́ tòlótòló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà. Òwú líle tí wọ́n fi ìda pa lára wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń rán bàtà. Fún àmì, wá àpò ńlá kan, kí o ki èérún aṣọ àwọn télọ̀ àti òkirika tí kò ṣeé wọ̀ mọ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi le gbandi. Ilé àti òpópónà Sabon Gari há jù fún ọfà títa, má dán an wò níbẹ̀. Lọ sí ibi gbalasa tí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn àmì, kí ẹ̀dá alààyè kankan má sì ṣe wà níwájú ẹni tó ń fa ọrun.

Kó o tó tún ohunkóhun ṣe, fi máàkà kọ nọ́ńbà sára ọfà kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 6. Dúró ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí àmì, ta gbogbo wọn, kí o kọ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bà sínú ìwé. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bí nọ́ńbà 4 bá yà sósì nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ńbà 4 ló lẹ́jọ́ láti jẹ́. Bí gbogbo wọn bá jọ yà sósì, á jẹ́ pé igi tó o ṣà kò bá ọrun rẹ mu. Bí wọ́n bá kàn ń fọ́n ká, tí ọfà kan náà ba òkè lẹ́ẹ̀kan tó tún ba ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ tìrẹ ni kò tíì dúró. Fi ọfà sílẹ̀, kí o máa ta á títí ọwọ́ yóò fi mọ́ra. Ìwé kékeré yìí ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ ní gbogbo àkókò tó o bá fi ń ṣàtúnṣe.

Wàyí o, mú ọfà tó lẹ́jọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí à ń wò ni bóyá igi rẹ̀ ti sán. Fi ọwọ́ kan di orí mú, fi èkejì di ìdí mú, gbé e jìnnà sí ojú rẹ, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí o sì tẹ́tí. Yí i díẹ̀, tún tẹ̀ ẹ́, títí wàá fi yí i ká tán. Igi tó yè kì í sọ̀rọ̀. Bó bá dún, bó ti wù kó kéré tó, tàbí bí èékánná rẹ bá há sójú kan nígbà tó o ń fà á lọ lára igi, iṣẹ́ ọfà yẹn ti parí nìyẹn. Má fi gúlúù bò ó. Má fi òwú wé e. Ọfà tó bá ṣẹ́ nígbà tí ọsán ń tì í, ẹran ọwọ́ tó di ọrun mú ni ìdajì rẹ̀ máa ń wọ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ra ọfà kábọ́ọ̀nù láti òkèèrè kò yọ nínú rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tó sán léwu ju igi lọ, nítorí ṣe ló máa ń fọ́ sí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́.

Bí igi bá yè, wo bó ṣe tọ́ sí. Gbé ìdí ọfà sójú kan, di ojú kejì, kí o wò ó lọ sí orí bí kápẹ́ńtà ti ń wo ẹ̀gbẹ́ pákó. Lẹ́yìn náà, yí i lórí gíláàsì tàbí tábìlì tó tẹ́jú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀ ló ti wọ́. Fi máàkà sàmì sí ẹ̀yìn ibi tó yọ gọngọ. Ẹ̀yinná èédú la fi ń tọ́ ọ, a kì í lo iná tó ń jó lala. Gbé ibi tó wọ́ náà sókè ẹ̀yinná, máa yí i títí tí ọwọ́ kò fi ní lè gbà á pẹ́, kí o wá tẹ̀ ẹ́ sí òdìkejì, kó kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí díẹ̀, kí o dì í mú bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tutù. Bó o bá fi í sílẹ̀ kó tó tutù, yóò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti pọ́n bí ìgbà tí nǹkan jóná, kò ní wúlò mọ́, á kàn ṣẹ́ ni. Ní ti kyauro àti ọparun, oríkèé ni wọ́n ti sábà máa ń wọ́. Yá apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ oríkèé náà, kí o sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Má fi ọ̀bẹ fá oríkèé títí kan awọ ara rẹ̀, torí inú awọ yẹn ni agbára igi náà wà.

Igi tó ń wọ́ padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tútù ló wà nígbà tó o lò ó. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kyauro àti ọparun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí a tó fọwọ́ kàn wọ́n. Dì wọ́n pọ̀ ní ìdì kan, fi okùn wé ìdì náà gírígírí kí wọ́n má baà rí àyè wọ́, kí o gbé e kọ́ sínú yàrá. Nígbà ọyẹ́, má ṣe sá wọn sóòrùn. Ọyẹ́ Kánò gbẹ débi pé ìta igi á ti gbẹ kí inú rẹ̀ tó mọ̀, á sì sán.

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù: líle igi. Ọfà lè tọ́ bí ọ̀pá àṣẹ kó má sì lọ síbi tó o rán an. Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó o bá jọ̀wọ́ ọsán. Ọsán ti ìdí ọfà síwájú lójijì, irin tó wà lórí sì wúwo, kò fẹ́ tètè gbéra. Igi tó wà láàárín wọn á tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọrun ni ọfà ń gbà kọjá, títẹ̀ yìí ló sì jẹ́ kó lè yí ọrun ká láìfi ara gbá a: á tẹ̀ síhìn-ín, á tẹ̀ sọ́hùn-ún, kó tó nà tán lójú ọ̀nà. Láyé ọdún 1930 sí 1939, Clarence Hickman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, fi kámẹ́rà tó ń yára ya àwòrán mú ọfà bó ti ń kúrò lórí ọrun, àwọn èèyàn sì fojú ara wọn rí títẹ̀ náà. Ní 1947, òun, Forrest Nagler àti Paul Klopsteg kó ìwádìí wọn jọ sínú ìwé kan. Bí igi bá le jù fún ọrun, kò ní tẹ̀ tó, ẹ̀gbẹ́ ọrun á tì í dànù: ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán á rí i pé ọfà òun ń lọ sósì. Bó bá rọ̀ jù, ọ̀tún ni yóò yà sí. Ti ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì fà á yóò yí padà.

O lè wọn líle igi nínú ilé rẹ. Kan ìṣó méjì mọ́ pákó, kí àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 66, ìyẹn ìǹṣì 26. Tẹ́ igi tí o kò tíì fi irin àti ìyẹ́ sí lé wọn lórí, kí o so ẹrù gíráàmù 907 kọ́ àárín rẹ̀ gan-an. Gíráàmù 907 yìí ni páùn méjì. Bó ò bá ní síkéèlì, omi á ṣe é: pure water kan tó jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, pẹ̀lú 38 nínú èkejì, tí o dà sínú ike omi ńlá, omi àti ike jọ súnmọ́ ìwọ̀n náà dáadáa. Fi rúlà wọn bí igi ṣe lọ sílẹ̀ tó ní mìlímítà, kí o fi iye yẹn pín 660. Ohun tó bá yọ ni iye páùn ọrun tí igi náà yẹ fún. Igi tó tẹ̀ ní mìlímítà 13 yẹ fún ọrun páùn 50. Èyí tó tẹ̀ ní 16 àbọ̀ yẹ fún 40. Èyí tó tẹ̀ ní 22 yẹ fún 30. Láti mọ agbára ọrun tìrẹ, fi síkéèlì oníkọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹrù fa ọsán dé ibi tó o sábà máa ń fà á dé, kí o sì sọ kílò rẹ̀ di ìlọ́po 2.2. Wọn ọ̀pá tó pọ̀ ju èyí tó o fẹ́ lò lọ, kí o ṣa mẹ́fà tí kò fi ju páùn márùn-ún lọ síra wọn. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni, ó sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀.

Ìwọ̀n yìí kàn ń fi ọ̀nà hàn ọ́ ni, ọrun ló máa sọ òdodo ọ̀rọ̀. Mú ọfà kan tí kò ní ìyẹ́ rárá, ta á láti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá pẹ̀lú méjì tó ní ìyẹ́. Ìyẹ́ máa ń bo àṣìṣe igi mọ́lẹ̀; ọfà tí kò ní ìyẹ́ kò ní ohun tó máa fi bò ó. Fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, bí èyí tí kò ní ìyẹ́ bá ba apá òsì àwọn yòókù, igi le jù. Fi irin tó wúwo sí i dán an wò kó o tó fá ohunkóhun, torí irin ṣeé pààrọ̀, igi tí a ti fá kò ṣeé dá padà. Bó bá jẹ́ fífá náà ló kù, ṣọ́ra gidigidi. Ọ̀pá igi tó nípọn mìlímítà 9, tí o fi sáńpépà fá dé 8 péré, líle rẹ̀ ti dín ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Fá a díẹ̀, wọ̀n ọ́n, tún fá a. Kyauro àti ọparun kò ṣeé fá bẹ́ẹ̀, fún ìdí tí mo ti sọ. Bó bá jẹ́ ọ̀tún ni ọfà ba, igi rọ̀ jù: fi irin tó fúyẹ́ sí i, tàbí kí o gé e kúrú ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níwọ̀n ìgbà tí orí ọfà bá ṣì kọjá ọwọ́ tó di ọrun mú dáadáa nígbà tó o bá fà á tán. Èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ lè já sẹ́yìn ọrun, kó sì gún ọ lọ́wọ́.

Ọfà tó ń lọ tààrà àmọ́ tó ń ba ìsàlẹ̀ tàbí òkè àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ni kí o yẹ̀ wò. Irin tí alágbẹ̀dẹ rọ kì í dọ́gba, kò sì yẹ kí a bínú sí i. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí i ní “Sannu da aiki, Baba” ná, kó o tó sọ ohun tó o bá wá. Ní kó rọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kí o wá fi síkéèlì kékeré ṣa mẹ́fà tó súnmọ́ra. Èyí tó wúwo díẹ̀ lára wọn ṣeé fi ayùn irin rá. Fún ọrun páùn 40, kí ọfà lódidi wà láàárín gíráàmù 20 sí 26. Ọfà tó bá fúyẹ́ jù kì í lè gba gbogbo agbára ọrun, agbára tó ṣẹ́ kù á padà sínú ọrun, bí ọrun ṣe ń ṣẹ́ nìyẹn.

Bí orí ọfà bá ń gbọ̀n nígbà tó o ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́, ìrù irin tó wọ inú igi ló wọ́. Yá irin náà títí gúlúù yóò fi rọ̀, fà á yọ, tọ́ ìrù rẹ̀ lórí òkúta, kí o sì dá a padà. Ihò tó ti fẹ̀ jù, po eérú igi mọ́ gúlúù kí o fi dí i. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: ẹnu igi gbọ́dọ̀ ní ìdè kí irin tó wọ inú rẹ̀. Fi òwú onída wé e yíká fún nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, tàbí kí o fi iṣan ẹsẹ̀ màlúù tí o ti rẹ sómi wé e, torí iṣan máa ń fún ara rẹ̀ mọ́ igi bó bá ti ń gbẹ. Ẹnu tí kò ní ìdè á là lọ́jọ́ tí irin bá kọ́kọ́ pàdé ohun tó le.

Ní ìdí ọfà, níbi tí ọsán ń wọ̀, fi ọfà kọ́ ọsán kí o jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀. Ó yẹ kó dúró, kó sì já bọ́ bó o bá fi ìka ta ọsán. Bí kò bá já bọ́, ó há jù, yóò máa fa ọsán dání nígbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀. Ká sáńpépà sí méjì kí o fi fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá dúró rárá, ó fẹ̀ jù, fi òwú wé ọsán níbẹ̀ kó lè nípọn sí i. Ọ̀pá igi ní ìlà nínú: kí ojú ayùn gé ìlà wọ̀nyẹn kọjá, má ṣe là á bá wọn lọ, torí ọsán á là á sí méjì. Bó bá jẹ́ kyauro tàbí ọparun, jẹ́ kí oríkèé kan wà lábẹ́ ibi tó o là, kí o sì fi òwú dì í. Ọfà tó ń lọ sókè sódò lójú afẹ́fẹ́, bí ẹni ń jó, sábà máa ń jẹ́ pé ibi tó o fi í sí lára ọsán ló ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù. Sún un díẹ̀, tún ta á.

Ìyẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo ìyẹ́ tó wà lára ọfà kan gbọ́dọ̀ wá láti apá kan náà, yálà apá ọ̀tún tòlótòló tàbí apá òsì rẹ̀. Bó o bá pò wọ́n pọ̀, wọ́n á máa bá ara wọn jà, ọfà kò sì ní lè yí dáadáa. Èyí tó ń ṣí kúrò, ibi tí gúlúù wà ni òróró ọwọ́ rẹ ti kàn: fi sáńpépà ha á, fi sípíríìtì nù ún, kí o tún un lẹ̀. Fi òwú wé iwájú ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí gàgá rẹ̀ tó bá yọ síta lè ya ọwọ́. Ìyẹ́ tó ti pa pọ̀ nínú apó, gbé e sókè omi tó ń hó nínú kẹ́tùlù, á jí padà lójú rẹ. Bó ò bá sì rí ìyẹ́ rárá, má sọ̀rètí nù. Ọ̀pọ̀ ọfà ilẹ̀ Hausa àti ti gbogbo ilẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní ìyẹ́. Igi fífúyẹ́ àti irin orí tó wúwo ló ń mú wọn lọ. Gbé irú ọfà bẹ́ẹ̀ lé orí ìka kan: lára igi tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70, ibi tó ti máa dúró láìṣubú yẹ kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 súnmọ́ orí ju àárín lọ. Irú ọfà yìí kì í jìnnà, kì í sì í ṣègbè fún igi wíwọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ọ̀kan ó kéré tán.

Ìgbà tún wà tí ọfà tó ti ń ṣe dáadáa á ṣàdédé yí padà. Wo ojú ọjọ́. Nígbà ọyẹ́, igi á súnkì, òwú á tú, irin á máa mì nínú ẹnu igi. Tún ìdè wọn ṣe, kí o fi ìda pa á. Nígbà òjò, láti bí oṣù kẹfà, igi á fa omi, á sì wọ́. Fi fáníìṣì tàbí òróró kun gbogbo ara rẹ̀, má gbàgbé ẹnu rẹ̀ méjèèjì, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé jù. Má fi ọfà ti ògiri, á tẹ̀. Gbé e kọ́ tàbí kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Èyí tó bá sì kọ̀ lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe yìí, yọ irin rẹ̀ kí o pa á mọ́, bó ìyẹ́ rẹ̀ kí o tọ́jú rẹ̀, kí o wá dá igi náà sí méjì lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ kankan nínú ilé má baà rí i he, kó lọ gbé e sórí ọrun.